Iyọ̀ Tí Mo Pò Mọ́ Ẹ̀kọ Òwú

Sí ìyá mi ọ̀wọ́n, ní Ìsẹ́yìn,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ìnira ojú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ṣakí níbí. Mo kí bàbá, mo kí ìyá àgbà. Làmídì àbúrò mi tó ń ka ìwé yìí sí yín létí, mo kí ìwọ náà. Má fo ibì kankan.

Làmídì ní ojú yín ọ̀tún ti lọ, pé tòsì náà ti ń ṣú, àti pé ẹ fẹ́ rí mi kó tó di pé ó kú pátápátá. Ọ̀gá wa ti gbà kí n máa bọ̀ ní kété tí mo bá hun aṣọ ìyàwó tó wà lórí òfì mi tán.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ọdún yìí le. Bí a bá ti ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá láàrin òfì, òwú a já. Ọ̀gá kó wa jọ, ó ní kí olúkúlùkù lo ọgbọ́n orí rẹ̀, òun ò ní fi èrò ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rántí pé inú igbá iyọ̀ yín a máa tutù nígbà gbogbo, nítorí iyọ̀ a máa fa omi mọ́ra, mo bá po iyọ̀ mọ́ ẹ̀kọ tí a máa ń fi pa òwú. Ìyá mi, òwú náà rọ̀, kò já mọ́. Ọ̀gá ní kí àwọn yòókù wá wo ọmọ Ìsẹ́yìn.

Ó di Jímọ̀, gbogbo wa lọ kírun. Òwú náà wà ní títẹ́ gbọọrọ nínú àgbàlá bí a ti máa ń tẹ́ ẹ. Èmi tí mo mọ̀ pé ewúrẹ́ a máa lá ògiri nítorí iyọ̀, n kò rò ó. Nígbà tí a fi dé, àwọn ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ tán; òwú ń fì lẹ́nu òbúkọ kan.

Ọ̀gá kò nà mí. Ó ní kí n wá òwú mìíràn, kí n tún gbogbo aṣọ náà hun kí n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò ní Ṣakí, pé ẹni tó bá tún ní èrò kó gbé e lọ sílé bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà, òwú ń já, a ń so ó, kò sẹ́ni tó ń dá àbá mọ́. Mo mọ̀ pé bí ẹnìkan bá ń lé ewúrẹ́, iyọ̀ yẹn yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti kú. Ayé sú mi. Mo ń sunkún nídìí òfì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Kí Ọlọ́run bá mi dá ojú kan yẹn sí. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé. Bí ojú náà bá sì ṣú kí n tó dé, tí ẹ gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, níbi tí mo ti forí gbá igi òfì bàbá nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀. Èmi ni.

Ọmọ yín,
Ráímì