Ihò Ẹyẹ ní Bèbè Kòtò Ẹja

Ajé, 3 Òkúdù 2024

Olè kan ti dé bá kòtò ẹja mi. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, àyà rẹ̀ pọ́n bí epo, ẹnu rẹ̀ gùn ṣóńṣó, pupa fòò. Mo sọ ọ́ ní Aláró. Ó bà sórí ọ̀pá tí mo rì sínú omi, ó ń mi orí bí ọmọ ilé kéú, àfi ṣàà — ó ti já sómi, ó ti gbé ọmọ ẹja àrọ̀ kan. Mo sọ ọ́ lókùúta. Kò bà á. Ojú àgbà!

Ìṣẹ́gun, 4

Mo tún ń wá òkúta nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lójú fèrèsé. Àmọ̀kẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ni, Mùjíbátù tí mo ń fi oríkì pè, tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ láti inú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látìgbà náà. Aláró ló ń wò. Mo ju òkúta nù. Kó máa jẹ ẹja lọ.

Jímọ̀, 7

Mo ti sún ibùsùn rẹ̀ mọ́ fèrèsé. Méjì ni wọ́n o, akọ àti abo. Inú bèbè kòtò ni wọ́n gbẹ́ ihò sí, lókè omi díẹ̀, kò fẹ̀ ju ẹnu ife lọ. Eégún ẹja wẹ́wẹ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà, òórùn rẹ̀ kò ṣe é gbọ́.

Àmọ̀kẹ́ fi ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, fi nǹkan kan hàn mí. Bí Aláró bá fẹ́ jẹun, á na ẹja náà mọ́ ọ̀pá títí yóò fi kú, á wá gbé e mì látorí. Bí ó bá ń lọ sínú ihò, ìrù ni yóò gbé há ẹnu, orí ẹja á kọjú síta, kí ẹni tó fẹ́ bọ́ lè rí i gbé mì. Obìnrin tí kò lè sọ̀rọ̀ ló kọ́ mi. Inú mi dùn.

Àìkú, 9

Òjò. Ètè Àmọ̀kẹ́ gbọ̀n nígbà tí Aláró dé. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó kù díẹ̀ — Ọlọ́run, ó kù díẹ̀.

Àìkú, 16. Iléyá.

Mahfuz, ọmọ wa, wá láti Ẹ̀gbẹ́dá. Lẹ́yìn tí a pín ẹran tán, ó yí kòtò ká, ó sì pè mí. Omi ń sun láti ẹ̀yìn bèbè, lábẹ́ ibi tí ihò ẹyẹ wà gan-an.

“Bàámi, bí bèbè yìí bá lọ pẹ́nrẹ́n, kí lẹ ó máa fi tọ́jú Màámi?”

Owó ẹja ni oògùn rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹyẹ fò ná. Ó ní òjò kì í dúró de ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mi nínú nítorí pé òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 20

Wọ́n ti jáde! Ẹnu wọn dúdú, kò tíì pọ́n bíi ti àwọn òbí wọn. Ọ̀kan já sómi, ó rin gbindin, kò rí ẹja kankan mú. Àmọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 25

Aláró àti ìyàwó rẹ̀ ti lé àwọn ọmọ lọ. Ilé ti dá.

Àbámẹ́ta, 29

Òjò mọ́jú. Omi tó ń sun tẹ́lẹ̀ ti ń dà wàyí. Àwọn ọmọ ti lọ, kí ni ihò ṣì wà fún? Mo gbẹ́ ilẹ̀ òkìtì ọ̀gán, mo fi ẹsẹ̀ pò ó títí ó fi ki bí iyán, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe é fi mọlé. Mo da sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i. Eku kò lè gba inú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá.

Bí mo ṣe gbé ọkọ́, Àmọ̀kẹ́ di apá bùbá mi mú. Mo rò pé ó fẹ́ tọ̀, mo gbé pó wá. Kò tọ̀. Ó ń nàka sí fèrèsé ṣáá. Mo ní ṣé Aláró ni, mo ní á dé láìpẹ́, kó fara balẹ̀. Mo já ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo jáde.

Mo fi ọmọ odó gún amọ̀ náà wọ inú ihò dáadáa, mo rẹ́ ojú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi ti dá. Iṣẹ́ náà wù mí.

Àìkú, 30

Mi ò lè kọ ọ́ lónìí.

Ajé, 1 Agẹmọ

Kí n kọ ọ́. Láàárọ̀ àná, mo ń fún Àmọ̀kẹ́ ní ògì, Aláró dé. Ẹja wà lẹ́nu rẹ̀, orí ẹja kọjú síta. Ó fò lọ síwájú amọ̀, ó fàyà gbá a, ó padà sórí ọ̀pá. Ó tún lọ. Kò gbé ẹja náà mì.

Àmọ̀kẹ́ fi ọwọ́ òsì lu fèrèsé. Ẹnu rẹ̀ là.

“Ó wà… nínú.”

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tọrọ láti Ràmàdáánì nìyẹn. Ó dé, kò sì ṣe é dúpẹ́ fún. Wọ́n ti tún yé sínú ihò kan náà. Ẹni tó ń wòta látojú fèrèsé lójoojúmọ́ ti rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ló ń jáde, èkejì ń sàba. Ohun tó ń sọ fún mi nìyẹn, mo gbé pó fún un.

Mo sáré mú àdá. Amọ̀ ti le. Nígbà tó fi là, abo náà wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́rẹ́, ó ti kú, ẹrẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, ṣóńṣó ẹnu náà sì ti kán. Àwọn ẹyin wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, funfun, wọ́n tutù. Omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Mo dá abo náà padà síbẹ̀, mo sì tún ihò dí. Kí ni kí n ṣe?

Mo sọ fún Àmọ̀kẹ́ pé ó ti fò lọ. Ó wo ọwọ́ mi.

Ọjọ́rú, 3

Mahfuz pè. Ó béèrè bóyá omi ṣì ń jò. Mo ní kò jò mọ́. Ó ní mo káre.

Aláró wà lórí ọ̀pá láti àárọ̀, ó ń ké. Àmọ̀kẹ́ tún nàka sí fèrèsé. Mo rò pé ooru ló ń mú un, mo ṣí i gbalasa. Ó mi orí.

“Tì í,” ló wí. Ó já geere.

Mo tì í.