Àṣẹ́kù Ọ̀dà Tí À Ń Fi Sílẹ̀ fún Onílé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta
Ìyá Nọ́ọ̀sì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo — ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Oṣù tó kọjá la kun pálọ̀ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ha ògiri, òun náà sì fi àṣẹ́kù ọ̀dà tá a fi sílẹ̀ pa á rẹ́, bá a ṣe kọ́ ọ. "Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ẹ wá wo nǹkan. Ó dà bí aṣọ tuntun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àkísà." Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní màá wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Mo lọ. Òótọ́ ni. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri, ọwọ́ mi funfun bí ẹni tó di ẹfun mú. Omi àti ẹfun ni wọ́n pò mọ́ ọ̀dà yẹn. Bẹ́ẹ̀, ojúlówó lèmi rà! Èmi ni mo ná an, èmi ni mo rù ú wálé. Èyí tó wà nínú agolo lọ́wọ́ Ìyá Nọ́ọ̀sì, ojúlówó ni. Ti ara ògiri ni kì í ṣe.

Bàbá ọkọ mi, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí rere, ló dá iṣẹ́ àtúnṣe ilé yìí sílẹ̀. Òun ló ní a ò gbọdọ̀ kun ilé ká má bu díẹ̀ nínú ọ̀dà náà sílẹ̀ fún onílé. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá fi ẹlẹ́rìí sílẹ̀ lẹ́yìn, kó má purọ́."

Olè yìí ta ojúlówó, ó fi ayédèrú kun ilé. Iṣẹ́ parí tán, ó tún bu ojúlówó sílẹ̀ fún onílé! Àṣà ti mọ́ ọn lọ́wọ́ jù. Ó jí gbogbo ẹ̀, kò rántí jí àṣà.

Ọjọ́rú
Ẹnu-Oyin ló kun ún. Àbúrò ọkọ mi ni — tó bá kí ọ láàárọ̀, ọwọ́ rẹ á ti máa wá owó fún un lápò. Mo sọ fún Baálé mi. Ó fò dìde, ó gbá àyà: "Nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi?" Omi lé sí i lójú. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Lálẹ́, mo fi ẹran kún oúnjẹ tiẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
A lé Ẹnu-Oyin. Baálé fúnra ẹ̀ ló gba kọ́kọ́rọ́. Mo sọ tèmi: mo ní èmi ni mò ń kúnlẹ̀ bẹ oníbàárà, ìwọ ni ò ń yó. Kò jiyàn. Ó wo Baálé, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi bi ọ̀gá mi, ṣé èmi ni mo kọ́ ara mi níṣẹ́ ni?"
Baálé ní kó gbé ẹnu ẹ̀ kúrò níwájú òun.

Ọjọ́ Ẹtì
A tún pálọ̀ Ìyá Nọ́ọ̀sì kun. Ọ̀fẹ́. Mo ṣírò ohun tó ná wa, mo sì ń po ọ̀dà lọ. Baálé ń kọrin lórí àkàbà. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní, "Ọ̀gá fúnra wọn! Ẹ mọ oníbàárà níyì." Inú mi dùn, mi ò purọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta
Ọ̀rọ̀ Ẹnu-Oyin ń gún mi bí òkúta inú bàtà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Yàrá wa. Ọdún tó kọjá ni Baálé fọwọ́ ara ẹ̀ kun ún, ọ̀dà tí mo fi owó tí mo tù jọ rà. Ó ní, "Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ní kan yàrá ìyàwó mi." Ẹnu-Oyin ò sí nítòsí rárá nígbà yẹn, ó wà lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀ tó ń rọbí nílùú àwọn àna ẹ̀. Àṣẹ́kù ọ̀hún ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Èmi ni onílé, àbí?

Baálé jáde. Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi àṣẹ́kù náà kan ògiri ẹ̀yìn ẹ̀, níbi tí oòrùn ò dé — kí n má lọ fẹ̀sùn oòrùn kan ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀dà tútù máa ń tan èèyàn jẹ. Mo jókòó tì í. Mò ń gbàdúrà fún ògiri. Mò ń darúgbó lọ, mò ń gbàdúrà fún ògiri!

Ọjọ́ kan náà, ọ̀sán
Ó ti gbẹ.
Mo fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ẹfun bo ọwọ́ mi.
Ẹran tí mo fi kún tiẹ̀. Omi tó lé sí i lójú. Ẹnu-Oyin jalè o, àmọ́ olè tí wọ́n kọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé
Mi ò dá kọ́bọ́ọ̀dù padà. Ó pẹ́ kó tó wọlé lánàá, kò tan iná. Láàárọ̀ yìí ló rí i, níbi tó ti ń wọ bàtà.
"Ìyá àwọn ọmọ mi, ta ló fi ọ̀dà kan ibí yìí?"
Mo ní onílé ni. Mo ní ibì kan ló ha, ló wá fi àṣẹ́kù pa á rẹ́, bí bàbá yín ṣe ní ká máa kọ́ wọn.
Ó jókòó bẹ́ẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́.
Kò bi mí pé ibo ló ha.