Ibojì Ọ̀gá Délé Wọ́

Ẹ kú ilé o, bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Kánádà níbí, àyà mi kanlẹ̀ bó ti yẹ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ẹ bá mi kí màmá mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ lẹ́tà yìí síta ni, kí gbogbo ẹ̀yin bíríkìlà láti Ìbàfò dé Mọ́wé lè bá wa dá sí i.

Bùnmi àbúrò mi ló fi fọ́tò ibojì Ọ̀gá Délé, ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà, ránṣẹ́ sí mi. Ó rò pé yóò tù mí nínú. Bàbá mi, ibojì yẹn wọ́. Igun ọwọ́ òsì yọ síta, wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kójú má bàa rí i. Ẹ̀yin lẹ dúró ti iṣẹ́ náà. Bùnmi ní nígbà tí òun bi yín, ẹ ní òjò ti ṣú, pásítọ̀ ń kánjú, àti pé òkú ò kúkú ní jáde wá wò ó.

Ṣé Ọ̀gá Délé lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ kọ́ṣẹ́ ní Ìfọ̀. Ẹ rántí ilé tẹ́ ẹ jọ kọ́ ní Mọ́wé. Ẹ̀yin lẹ mọ ògiri iwájú. Ọ̀gá Délé na okùn sí i, wọ́n rí i pé ó wọ́, wọ́n ní ká wó o. Onílé ń bẹ̀ wọ́n pé tá a bá ti rẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n dá a lóhùn pé aṣọ kì í na ẹ̀yìn abuké, wọ́n sì fẹsẹ̀ ti ògiri náà lulẹ̀ níṣojú gbogbo wa. Ó dùn yín débi pé ẹ ò kí wọn mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ilé tiyín, ta lẹ ránṣẹ́ pè?

Ẹ má bínú, mo ní láti bi yín: àbí ìjà ògiri yẹn lẹ ṣì ń bá òkú jà?

Níbí, a máa ń da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri kí òtútù má bàa ba sìmẹ́ǹtì jẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, kò sẹ́ni tí mo lè bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo bá pe Ọ̀gá Délé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá bi mí bóyá ògiri ọ̀hún tọ́. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ikú wọn, mo mọ búlọ́ọ̀kù títí ilẹ̀ fi ṣú, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín wà níbi ibojì yẹn. Wọ́n rí i pé ẹ̀yin ọ̀gá wọn wo igun tó wọ́, ẹ sì dákẹ́. Ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ kọ́ wọn nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbi ibojì náà ní Ìbàfò, ẹ wó o, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tún un mọ.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtàgbà àtọmọdé. Ẹ̀mí yín á gùn, bàbá mi. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Èmi ni n ó sin yín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ yín yìí ni yóò mọ ibojì yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Tọ́pẹ́