Ilẹ̀ Tí Ẹsẹ̀ Màmá Mọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Mo ká etí kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó wà ní yàrá ìgbàlejò sókè lónìí, omi ni mo bá lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni da omi sílẹ̀ o. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń làágùn sábẹ́ rọ́bà. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí kó tó gbẹ. Látọjọ́ yìí ni mo ti ń ṣépè fún asín. Asín ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun tó ń fa ikọ́ Màmá náà nìyẹn. A ń ra oògùn, a ń ra oyin, ohun tó ń ṣe wọ́n sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Mo sọ fún wọn pé a máa pààrọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ní, kí nilẹ̀ ṣe mí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Adájọ́ pè. Orí ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Adájọ́. Lójú rẹ̀, Bọ̀dá ni, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi yìí ti ń dá ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbé wá. Ó ní táìlì ni ká lẹ̀, funfun, èyí tó ń dán bíi dígí, kárí ilé. Ó ti parí.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ojú Màmá. Mo ní wọ́n ń kán oògùn sí i, ojú òsì ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Màmá ní ti ọ̀tún ṣì ń rí díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ọ̀tún náà bá lọ, ọ̀dọ̀ òun ni Màmá ń bọ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ wo? Ilé òkè, àtẹ̀gùn gọọrọ, òun àtìyàwó ẹ̀ kì í sí nílé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Màmá tí wọn ò fẹ́ sun ibòmíràn láti ìgbà tí Bàbá ti kú.

Ó ń bọ̀ ní ìparí oṣù wá wo ilẹ̀ tuntun. Màmá wà lórí àga wọn ní gbogbo àsìkò tá a fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbọ́ wa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Birikilà wá. Mo ti sọ ọ́ ní Kò-sí-wàhálà. Ògiri ń mu omi? Kò sí wàhálà, Àǹtí. Ilẹ̀kùn ti wú, kò ṣeé tì mọ́? Kò sí wàhálà. Mo rò pé bí òrùlé bá wó lù wá, ohun tó máa sọ náà nìyẹn.

Ó kó ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá kí n wò: táìlì dídán, táìlì tí ojú rẹ̀ rí bíi yanrìn, pákó gidi, àti ike kan tó ń ṣe bíi pákó. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo tò wọ́n sẹ́yìnkùlé, kí òjò àti oòrùn bá mi yẹ̀ wọ́n wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Òjò lánàá, oòrùn lónìí. Àbọ̀ rèé: pákó gidi ti wú bí ẹni tó jẹun sùn. Ike ti ká etí sókè. Mo da omi ọṣẹ sórí táìlì dídán, mo gbẹ́sẹ̀ lé e — díẹ̀ ló kù kí n lọ bá Bàbá. Aránṣọ ni mí, mo mọ bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń já bọ́; mo wá sọ tèmi lu gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníyanrìn nìkan ló dúró.

Mo pe Màmá kí wọ́n wá wo àwọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ eérú ni. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn pẹ́ títí. Wọ́n ní, “Pupa yẹn dáa.”

Mo rẹ́rìn-ín. Màmá àti yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ká gbogbo rọ́bà inú ilé kúrò, ìyẹ̀wù Màmá náà kò gbẹ́yìn. Ilé ti ń mí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dúró gbọnrangandan, wọ́n fọwọ́ lé ògiri. Wọ́n ní àwọn ń nasẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n wọ yàrá mi, wọ́n gbé ife omi kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé e sórí tábìlì ilé ìdáná. Ife ṣubú. Wọ́n ní ta ló gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

N ò lè ránṣọ lónìí. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Pupa. Ife. Ọwọ́ lára ògiri. Mo gbé àga, mo jókòó kojú Màmá. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú Màmá sì ń wo ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi.

Mo ní, “Màmá, ọ̀tún náà ti lọ, àbí?”

Wọ́n fọwọ́ ra etí àga wọn. Wọ́n wá ní ó ti lọ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn! Gbogbo ìgbà yẹn, inú ilé kan náà la wà, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bá mi gbé ìdì aṣọ, wọn ò kọ lu nǹkan kan. Mo bi wọ́n báwo. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn mọ ilé. Tó bá jẹ́ rọ́bà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, yàrá ìgbàlejò ni. Tó bá jẹ́ símẹ́ńtì tútù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ibi tí rọ́bà ti ya tó sì ká sókè, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná nìyẹn.

Ibi tó ya! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti gbé gọ́ọ̀mù kí n lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń ní kí n fi í sílẹ̀. Mo rò pé agídí àgbà ni. Àṣé ojú wọn ni mo fẹ́ lẹ̀ pa. Lánàá, mo wá ká gbogbo rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn wọn ò lọ sókè. “Á gbé mi lọ jókòó sókè bí ẹrù tí wọn ò tíì tú.”

Mo rò pé mò ń sunkún láìpariwo. Wọ́n gbọ́. Wọ́n lu itan mi, wọ́n ní bá a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kí èmi tí mo ṣì ń ríran wá ilẹ̀ fún àwọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Gbogbo ohun tí mo ti fojú yàn, ẹsẹ̀ ló tún un yàn lónìí. Màmá jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n bọ́ bàtà, mo ń gbé e síwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní oníyanrìn dáa, kó wà ní yàrá ìgbàlejò. Èyí tó tún le jù ú lọ, wọ́n ní ó ń họ àwọn bí ọmọ ológbò. Ilé ìwẹ̀ la fi í sí, kò ní yọ̀. Kò-sí-wàhálà tún mú òkúta wẹ́wẹ́ wá, rúbúrúbú, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Màmá fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀ títí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Táìlì dídán Adájọ́? Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n gbé e kúrò. “Èyí ò bá mi sọ nǹkan kan.”

Ìyẹ̀wù wọn ló kù. Mo bi wọ́n kí la máa fi síbẹ̀. Wọ́n ní a ò fi nǹkan kan síbẹ̀. Símẹ́ńtì tí Bàbá fọwọ́ ara wọn rẹ́, tí wọ́n fi okùn fàlà sí, ló wà lábẹ́ rọ́bà láti ọjọ́ yìí. Mo lọ wò ó. Láti ìgbà tí mo ti ká rọ́bà kúrò, ó ti gbẹ. Kò lanu níbì kankan. Àwa la bo ilẹ̀ tó dáa mọ́lẹ̀ tá a ní à ń tún ilé ṣe.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, birikilà ní, “Àǹtí, wàhálà wà o.” Ó ní bí àwọn èèyàn bá rí ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ rí bí aṣọ onírèépé, wọ́n á ní òun ò mọṣẹ́. Mo ní aránṣọ ni mí, èmi ló ń rán rèépé, kó máa bá mi lẹ̀ ẹ́. Ó wo Màmá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wá ibi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀. Kò tún jiyàn mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rẹ etí òkúta náà wálẹ̀ kó má baà kọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Símẹ́ńtì ń gbẹ. Ẹ̀yìnkùlé là ń gbà wọlé bí olè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Màmá ti mọ ilé. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Wọn ò wúkọ́ rárá látàárọ̀.

Adájọ́ ń bọ̀ lọ́la. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò ní purọ́. N ò lè purọ́ fún un lójúkojú, ọ̀rọ̀ náà ò sì jẹ́ tèmi láti sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọjà ẹlòmíràn fún. Ó ní funfun tóun sọ ńkọ́? Mo ní ó ń yọ̀. Ó ní ṣé gbogbo rẹ̀ ló ń yọ̀ tó fi jẹ́ pé oríṣiríṣi ló kún ilé?

Màmá dìde lórí àga. Wọ́n la yàrá ìgbàlejò kọjá, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n tẹ òkúta. Wọ́n bu omi sínú ife, wọ́n padà wá, wọ́n sì gbé e lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ojú Adájọ́ tàn. Ó ní ojú Màmá ti ń dáa, oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́.

Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ ni. Ó ń fẹ́ ẹ̀rí. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, “Màmá, ìka mélòó nìyí?”

Màmá dúró, ọwọ́ wọn ṣì wà ní ibi tí ife ti kúrò.

“Mi ò rí ìka,” ni wọ́n wí. “Mi ò rí ìwọ náà. Ohùn ẹ ni mo gbé omi fún.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un — rọ́bà tó ya, pupa tí kì í ṣe pupa, ìdí tí ilẹ̀ fi rí bí aṣọ onírèépé. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó dijú.

Bọ̀dá mi ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Mo tẹ̀ lé e. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sára: yàrá ìgbàlejò nìyí. Ó tutù — ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tẹ òkúta, ó dúró lórí rẹ̀ pẹ́. Ó ní ilé ìdáná. Ó yí padà, ó ti wá gbójú lé ara rẹ̀, ó sáré díẹ̀, ó sì fi orúnkún gbá ẹ̀rọ ìránṣọ mi gbàù.

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ríran, ẹ máa rọra.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ ra orúnkún, omi wà lójú rẹ̀, n ò sì rò pé ti orúnkún nìkan ni. Mo ń retí ìdájọ́. Ó ní kí n pe birikilà padà, kó fi òkúta wẹ́wẹ́ yí ẹ̀rọ yẹn ká, kí Màmá má baà kọ lù ú.

Màmá ní àwọn ò kọ lù ú rí. “Ìwọ fúnra ẹ ni kó ṣe é fún. Á wúlò nígbàkígbà tó o bá wá kí mi nílé mi.”

Ó ní, “Ó dáa, Màmá.”