Ẹ̀rọ Ìfúnpo Wa Kò Kú

Juliet ọmọ mi,

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí báyìí, mi ò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, má wulẹ̀ fi ọ̀kankan ránṣẹ́. Ṣé àlàáfíà lẹ wà, ìwọ àti ọkọ rẹ àti Ìdáraolúwa ọmọ yín? Iná ààrò yín ò ní kú. Àwa náà wà l'Óde-Ayé, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Victor, ọkọ mi kékeré, àbúrò bàbá rẹ, fẹ́ ta ẹ̀rọ ìfúnpo tó wà ní ẹkù wa, níbi tí a ti ń ṣe epo pupa, fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ó ní ogún ọdún rè é tí kò ti yí mọ́. Mo ní ó ń sinmi ni. Epo tí a fún níbẹ̀ ló tọ́ ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Orí ìjà yẹn la wà tí obìnrin kan fi dé láti yunifásítì, Dókítà Catherine. Mo sọ ti orúnkún mi fún un, kò fún mi lóògùn. Ó ní ẹ̀rọ àtijọ́ àti oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ ìlú lòun ń kọ ìtàn rẹ̀, pé èyí tóun bá ti kọ sílẹ̀, ìjọba lè má jẹ́ kí wọ́n tà á. Inú mi dùn, mo gbé púpurù àti ọbẹ̀ ẹja kalẹ̀. Ó gbé fóònù sórí àpótí, ó ní fóònù náà ń gbọ́ wa, ni mo bá bu abọ́ kan síwájú òun náà, torí ẹni tó ń gbọ́ níbẹ̀, ebi lè máa pa á.

Ó wá bi mí pé, Màmá, ìgbà wo ni ẹ̀rọ yìí kú? Juliet, kí n dúró ní ẹkù ìyá ọkọ mi kí n máa túfọ̀! Mo ní kò kú rárá, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la ń fi í fún epo. Ó wo bó ṣe dípẹtà, ó wò mí, ó ní èyí tó ti dákẹ́ nìkan lòun ń kọ. Ó ní kí n tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù pé bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Mo tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kó lè dájú. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà ìlú Iyansan lọ.

Victor rẹ́rìn-ín títí, ó ní, Ìyàwó wa, ẹ̀yin gan-an lẹ tà á. Helen ọmọ pásítọ̀ ní kí n pe dókítà padà, kí n sọ pé ó ti kú. Mi ò ní sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn onírin ń bọ̀. Orí ẹ̀rọ náà ni mo jókòó kọ lẹ́tà yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n wọn èmi náà mọ́ ọn. Victor ní bí ẹnikẹ́ni bá mú ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún náírà wá ṣáájú wọn, òun á fi í sílẹ̀.

Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ, ọmọ rẹ á ṣe jù ọ́ lọ. Owó kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́wàá tí o yá lọ́wọ́ mi lọ́dún tí o fẹ́ gba ilé, mi ò fi ta ọ́ lọ́rẹ. San án kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

Ìyá rẹ.