Apá Aṣọ Ìgbéyàwó Bọ́lá

Bàámi ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn débi pé n kò lè ṣàì bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Bọ́lá, àbígbẹ̀yìn yín, ti wọlé ọkọ! Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni wọ́n so òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀ nínú ìjọ wa níbí ní Iléṣà. Díẹ̀ báyìí ló kù kí gbogbo rẹ̀ dàrú.

Òṣogbo ni Bọ́lá ń gbé báyìí. Ó lọ háyà aṣọ ìgbéyàwó kan ní Òkè-Fìà, funfun tó ń kọ mànà. N kò ní purọ́ fún yín, aṣọ náà rẹwà. Àmọ́ kò lápá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyàwó pásítọ̀ yà sílé wa wá wò ó. Wọ́n ní, "Bọ́lá, ṣé èyí lo fẹ́ wọ̀ wọ ilé Olúwa? Pásítọ̀ ò ní so yín pọ̀ nínú ẹ̀ o." Bọ́lá bú sẹ́kún. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun á kúkú lọ ṣe ti kóòtù.

Mo rántí yín gan-an lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ bá rán aṣọ fún wa tán, ẹ ó ní ká bẹ̀rẹ̀, ká nawọ́ sókè, ká jó yí pálọ̀ po. Ẹ kì í bá wa jà. Ẹ kàn máa ń sọ pé ẹni tó ń fa aṣọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ṣáá kò lè gbọ́ ìwàásù. Kí lẹ̀ bá ti ṣe sí aṣọ háyà, tí a kò gbọdọ̀ fi àlùmọ́gàjí kàn?

Ibi tí mo ti ń rò ó ni Màámi ti dìde. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, aṣọ dúdú nìkan ni wọ́n ń wọ̀. Ọdún ń gorí ọdún, a bẹ̀ wọ́n tì. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n mú léèsì funfun tí ẹ rà fún wọn nígbà tí wọ́n bí Bọ́lá, wọ́n jù ú sí mi lẹ́sẹ̀.

"Gé e."

"Háà, Màámi! Léèsì Bàámi nìyí!"

"Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ni? Bàbá ẹ ò rà á kí ikán lè rí nǹkan jẹ."

Mo fi rán jákẹ́ẹ̀tì pélébé kan, alápá gígùn, tí Bọ́lá lè gbé wọ̀ lé aṣọ náà. Ó wọ̀ ọ́, ó wo dígí. Ó yíjú, ó tún wò ó. Ó wá so mọ́ mi lọ́rùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màámi jáde sí wa nínú ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé. Wọ́n jó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé iwájú pẹpẹ, gèlè ń tú, wọn ò bìkítà. Ṣé ẹ rí wọn, Bàámi? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ wo irú ẹ̀ lọ́hùn-ún?

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó pásítọ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Wọ́n ní kí n rán irú jákẹ́ẹ̀tì yẹn fún àwọn náà. Mo wọn apá, mo wọn ẹ̀yìn. Wọ́n wẹ̀yìn wò, wọ́n rọra sọ fún mi pé, "Jọ̀ọ́, jẹ́ kó mú mi níbàdí díẹ̀."

Màámi, tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, gbọ́ ọ. Ẹ̀rín pa wọ́n títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín kò tíì tán lọ́kàn rẹ̀.