Fóònù Ní O Ti Yí Ọkọ̀ Padà

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọ̀nà ò ní fi ọ́ jẹun o, ẹsẹ̀ tó o fi jáde ò ní gbàgbé ilé. Àwa náà wà, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń dùn ún, àti ẹ̀rù tó gba oúnjẹ lẹ́nu mi.

Láti ọjọ́ tó o ti kọ nọ́ńbà mi sínú fọ́ọ̀mù níbi iṣẹ́ rẹ, pé èmi ni kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ni ọkọ̀ akẹ́rù tó ò ń wà ti ń fẹjọ́ rẹ sùn mí. Bó o bá ti kúrò lójú ọ̀nà tí ọ̀gá yín là sílẹ̀, fóònù á dún, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé látinú ọkọ̀, òyìnbó ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Tíṣà àgbà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ló ń bá mi kà á. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ní fún ká yà pọ̀ ju tiwa lọ. Àkọ́kọ́, ó ní o kàn mọ̀ọ́mọ̀ yà sí kọ́nà ni, ìyẹn ò burú. Lọ́jọ́ kejì, ó ní o ṣàdédé fọkọ̀ yẹ nǹkan ni. Kí lo yẹ̀, ọmọ mi? Ṣé èèyàn ni? Èyí tó wá já mi láyà ni ti àná, ó ní ìyẹn ni kéèyàn máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kúrò lọ́nà, tí òun gan-an ò ní mọ̀. Mo ní ṣé ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ àbí ọmọ mi, ó tún un kà látòkè.

Mo wá rántí pé mo yí fóònù náà díẹ̀ nígbà tí mò ń nu tábìlì. Ọwọ́ mi ló fa á tí ọkọ̀ rẹ fi ń fì. Mo ti dojú ẹ̀ kọ ọ̀kánkán báyìí, mo fi òkúta tì í lọ́tùn-ún lósì, bàbá rẹ ò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, torí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Tíṣà ló ń wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kà á níbẹ̀.

Láàárọ̀ òní ó tún dún, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Tíṣà ní o ti yí ọkọ̀ padà pátápátá, ibi tó o ti ń bọ̀ lo tún kọjú sí. Mo gbá yàrá rẹ, mo sá ibùsùn rẹ sóòrùn. Bàbá rẹ ní àlá lásán ni mò ń lá, ṣùgbọ́n òun náà wẹ̀, ó pààrọ̀ ẹ̀wù, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn ti ń wọ̀, a ò rí ọ.

Jọ̀ọ́, fowó díẹ̀ ránṣẹ́. Aránṣọ tó ń bá wa cháàjì fóònù ní òun ò lè gbé jẹnẹrétọ̀ wá bá fóònù nílé lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò sì ní gbé e kúrò níbi tó wà.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀. Bó bá jẹ́ ilé lo kọjú sí, máa rọra bọ̀. Bí kì í bá ṣe ilé, dákun, ibo ni?

Èmi ni, ìyá rẹ.